Ìyá Wa Kírun Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Bàbá mi, ọkọ Ìyá mi,

Kí Ọlọ́run túbọ̀ tẹ́ ibojì yín sí ìtura. Ara gbogbo wa le ní Ìwó níbí, òjò ń rọ̀, àgbàdo sì ti jáde. Èmi nìkan ni inú mi ò dáa. Èébì ń gbé mi, Bàbá. Kì í ṣe oyún, mo ti kọjá ìyẹn, kì í sì í ṣe ibà. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ló ń rí mi lára, kò sì tíì kúrò lọ́fun mi. Ìyá ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni tó wà láyé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo sì ti ṣèlérí fún wọn. Ẹ̀yin kò sí láyé mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí mi ò ní yẹ àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ Lúkúmọ́nù ni, àbígbẹ̀yìn yín, tó ń gbé ní Kánádà. Nígbà tí ẹ kú, kò lè wá. Inú fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé yín wọlẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù náà dání. Ìyá dárí jì í lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn òyìnbó kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ bàálù lọ, wọn ò tíì fojú kàn án. Nígbà tó wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá lo ìsinmi òun nílé, ẹ ò bá rí Ìyá. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn kun yàrá rẹ̀. Wọ́n fọ àwọn ìbora tí ẹnikẹ́ni ò lò, wọ́n sá a, wọ́n tún un fọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ó ṣe fún wọn tó bá dé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, kí ó ṣáà jókòó ti àwọn, kí àwọn máa wò ó bó ṣe ń jẹun.

Àṣé ìsinmi tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi ìgbafẹ́ kan tí pápá gọ́ọ̀fù bá wà nínú ẹ̀. Èyí tó dáa o, àmọ́ tí owó ẹ̀ ò ní ga jù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ná nǹkan, ẹ̀yin ni mo gbójú lé.”

Bàbá, ẹ ò mọ gọ́ọ̀fù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa ń fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kan tí kò tó ẹyin adìẹ, wọn á wá máa rìn tẹ̀lé e nínú oòrùn, wọn á tún un lù, títí yóò fi kó sínú ihò. Tó bá ti kó sínú ihò tán, wọn á mú un jáde, wọn á gbé e lọ síwájú, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń lò fún un fẹ̀ ju oko yín lọ, kódà bí a bá pa oko gbogbo àwọn tó bá yín pààlà lọ́nà Kuta pọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Koríko ni wọ́n gbìn. Wọ́n ń bomi rin koríko, wọ́n ń da ajílẹ̀ sí i, wọ́n tún gba ènìyàn síṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í rí koríko kí ojú yín gbà á! Ẹ̀yin tí a ó jọ lọ kí ènìyàn lọ́jọ́ ọdún, tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílé pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, tí ẹ ó máa fa ewéko tu, tí Ìyá á máa fa aṣọ yín kí ẹ dìde kí ojú má tì wọ́n. Ṣé ẹ ti rí ìran tó ń gbin koríko rí?

Síbẹ̀ mo wá a fún un. Àbúrò mi ni, ẹ̀yìn mi ló ti dàgbà. Mo ṣì ń ta ẹja tútù mi, ìsọ̀ mi ṣì wà níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí, ẹ sì mọ̀ pé imú ni mo fi ń ṣòwò. Ẹni tó mọ ẹja kì í wo ara rẹ̀ tó ń dán. A máa ń ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, a ó sì fi imú sí i. Bí mo ṣe fẹ́ wá ibi ìgbafẹ́ náà nìyẹn.

Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, irọ́ tó sì wà nínú àwòrán, Ọlọ́run nìkan ló lè dárí rẹ̀ jini. Mo rí ọ̀kan tí omi ìwẹ̀ rẹ̀ láwọ̀ aró bí aṣọ ọmọ iléèwé, tí òdòdó yí i ká, tí owó rẹ̀ sì rọjú. Mo fi ránṣẹ́ sí Lúkúmọ́nù, ó ní èyí gan-an ni. Mo ní kó dúró ná. Mo ti ìsọ̀, mo wọkọ̀, mo lọ wò ó. Bàbá, omi yẹn ti di ewédò, àkèré kan jókòó sí etí rẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀rù mi. Mo gbé ìrọ̀rí wọn sí imú, orí ẹlòmíràn ni mo gbóòórùn. Mo ní pápá gọ́ọ̀fù ńkọ́? Wọ́n mú mi débẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ló kún un, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yàgbẹ́. Ọkùnrin tó jẹ́ alámòójútó ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi. “Màmá, àwọn ló ń bá wa gé koríko. Kò sí iná ni ò jẹ́ ká lo ẹ̀rọ.” Kò sí iná ló ba omi jẹ́, kò sí iná ló jẹ́ kí ìrọ̀rí máa rùn. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìràn mọ́. Mo pòṣé títí mo fi dé gáréèjì.

Èkejì, orí fóònù náà ni mo pa á tì sí. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń fi imú sọ̀rọ̀. Owó yàrá wọn kò pọ̀ lóòótọ́, inú mi dùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù fún mi: owó àtitẹ koríko lọ́tọ̀, owó ọ̀pá lọ́tọ̀, owó ẹni tí yóò bá a gbé ọ̀pá lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ kékeré tí wọn yóò fi gbé e kiri lọ́tọ̀. Mo bi í bóyá atẹ́gùn tí a ó máa mí sínú wà lára owó yàrá tàbí òun náà lọ́tọ̀. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ̀kẹta ni mo gbà. Kò jìnnà jù sí Ìbàdàn. Mo fi imú mi yẹ gbogbo ibẹ̀ wò, mo ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tọ́ ọbẹ̀ wọn wò, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ mọ́. Nítorí pé àsìkò òjò ni, tí àwọn olówó kì í fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí wọn lára, wọ́n ti gé owó náà lulẹ̀, pápá àti ọ̀pá sì wà nínú ẹ̀. Mo tún ná an bí mo ṣe ń ná páálí ẹja, mo jókòó, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí padà. Oúnjẹ àárọ̀ di ọ̀fẹ́. Mo rìn jáde níbẹ̀ bí ẹni tó gba ipò kìíní. Ká ní mo mọ̀.

Lúkúmọ́nù dé. Ó wá sí Ìwó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ó ní ooru mú, ó ní ẹ̀fọn wà, ó ní àwọn kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kò ní jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Ó kàn fi ìdí kan àga ni. Ìyá gbá a mọ́ra, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí àti léjìká bí ẹni ń wá ibi tí nǹkan ti dín. Nígbà tí wọ́n sáré wọlé lọ bu oúnjẹ, ó fa ìgò kékeré kan yọ nínú àpò, ó da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn sọ́wọ́, ó fi pa ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀. Ó nu ìyá rẹ̀ kúrò lára. Mo rí i, ó sì rí i pé mo rí i. Ó ní àṣà ibẹ̀ ni. Ibojì yín tó wà lẹ́yìn ilé, ó dúró tì í díẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó wo aago.

Ìyá ò jẹ́ kí ó bà wọ́n nínú jẹ́. “Bí kò bá lè sùn lọ́dọ̀ wa, àwa ó lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n di ẹrù: ẹní ìkírun wọn, kẹ́tù àlùwàlá, tẹ̀sùbáà, obì díẹ̀ nínú ewé. Lúkúmọ́nù wò mí, ó wo ẹrù náà, ó ní kò burú. Bí èmi náà ṣe tẹ̀lé wọn nìyẹn.

Ẹ ò bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí a débẹ̀. Ìyá dúró lórí fàráńdà, wọ́n wo ilẹ̀ náà lọ títí, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń kó lérè níbẹ̀. Mo ní koríko. Wọ́n ní mo ń purọ́. Nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n omi sí koríko náà lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ ní àárọ̀, ẹ̀rín pa wọ́n tí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ ì bá ti bá wọn ro gbogbo ibí yìí kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ìgbà tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn kẹ́yìn, ẹ ṣì wà.

Ṣùgbọ́n Lúkúmọ́nù ò sí níbẹ̀ láti bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti wọ ṣòkòtò funfun, ó ti fi ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ kan ṣoṣo, ó ti lọ. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ní iléeṣẹ́ ńlá l’Ékòó. Lúkúmọ́nù ń wá bí ó ṣe máa padà wálé wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí, òtútù ibẹ̀ ti sú u, orí gọ́ọ̀fù sì ni wọ́n ti ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, àbúrò mi á ti tẹ̀ síwájú láti rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá lu bọ́ọ̀lù sínú igbó, Lúkúmọ́nù ní atẹ́gùn ló gbé e. Mo wò ó láti òkèèrè, ara mi bù máṣọ. Ṣé ọmọ yín nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún alága ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tó fẹ́ gba ilẹ̀ yín?

Ìyá jókòó sórí fàráńdà, wọ́n ń wo pápá. Ojú wọn ò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá a mọ̀ láàárín àwọn ènìyàn kékeré tó wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yín ló fi ń rìn, tí ó ń ju ti ọ̀tún síta díẹ̀. “Òun nìyẹn. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti dìde.” Ọjọ́ ń lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbádùn, ojú rẹ̀ á sì wà nínú fóònù. Wọn á ní àwọn ń gbádùn gan-an ni.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, a rìn jáde kí ẹsẹ̀ wọn lè nà. Àsìkò ìrun Alásàárì ti ń tó, kẹ́tù àti ẹní sì wà lọ́wọ́ wọn. Atẹ́gùn òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo ní kí wọ́n dúró dè mí kí n sáré mú ṣálì wọn wá. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti gbé ìrun dúró.

Bàbá, ẹ rántí bí ẹ ti máa ń kírun lóko. Ẹ ó kọ́kọ́ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ ó gbá a, ẹ ó wá gún ọkọ́ yín mọ́lẹ̀ níwájú yín, kí ẹran tàbí ènìyàn má baà gba iwájú yín kọjá nígbà tí ẹ bá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìyá á dúró lẹ́yìn yín. Ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé wọn níyàwó. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé níbi tí ihò gọ́ọ̀fù bá wà, wọ́n máa ń gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kanlẹ̀, yóò tẹ́jú ju Yídì lọ, kò ní sí òkúta, kò ní sí ewé, wọ́n á sì gún ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ní àsíá sí àárín rẹ̀. Ìyá rí i, wọ́n ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe é dáadáa, wọ́n ti ṣètò ibi ìkírun, wọ́n tún gún ọ̀pá sílẹ̀ de olùkírun. Wọ́n bọ́ bàtà sí etí rẹ̀, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní wọn sẹ́yìn ọ̀pá náà, wọ́n sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìgbà tó yé mi, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo rò ó pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti la ilẹ̀ náà, ìwúlò gidi tí ilẹ̀ náà rí nìyí.

Bọ́ọ̀lù kan wá yí dé etí ẹní wọn. Àwọn tó ń gbá a ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀gá náà, ọkùnrin méjì mìíràn, àti Lúkúmọ́nù. Ẹ̀ṣọ́ kan sì ti ń sáré bọ̀ láti apá ibòmíràn, ó ń fọn fèrè.

“Màmá! Ẹ dìde níbẹ̀! Ẹ ò rí i pé àwọn ọ̀gá ń gbá gọ́ọ̀fù ni?”

Ìyá ò dá a lóhùn, wọ́n wà nínú ìrun. Mo pariwo pé wọ́n ń kírun, kó ṣe sùúrù. Ọ̀gá náà gbé ọwọ́ sókè sí ẹ̀ṣọ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Inú ò bí i rárá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ta ló ni Màmá wa yìí?” ni ó bèèrè, bí ẹni tó fẹ́ bá wọn ṣeré.

Ó rọrùn, àbí? Kí ló le nínú kí ènìyàn sọ pé ìyá mi ni? Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó bèèrè gan-an ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ yín wo bàtà rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ìyá tó ń bá wa tọ́jú ilé ni. Ará oko ni wọ́n, wọn ò mọ̀.”

Ìyá wà ní ìjókòó ìkẹyìn nígbà tó sọ ọ́. Wọ́n sálámà sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà sósì. Apá òsì ni Lúkúmọ́nù dúró sí. Wọ́n wò ó. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó. Wọ́n dìde, wọ́n ká ẹní wọn jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n kó o sí abíyá, wọ́n wá síwájú àwọn ọkùnrin náà, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, àìmọ̀ ni o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá wa wí.” Wọ́n yíjú sí Lúkúmọ́nù. “Ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí.”

Bàbá, wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Orúnkún tí wọ́n fi kúnlẹ̀ bí i ni wọ́n fi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ò sì là. Àjèjì ló bẹ̀rẹ̀ tó mú wọn lápá, ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀, ó ń sọ pé, “Háà, Màmá, ẹ dìde o, ẹ má kúnlẹ̀ fún wa, kí la fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ yín ṣe?” Ọmọ tí wọ́n bí dúró, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó ní, “Kò burú, Màmá. Ẹ máa lọ sínú ilé.”

Mo ya ẹnu kí n kígbe. Ọwọ́ Ìyá tó ṣì tutù fún àlùwàlá ló gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, mi ò mọ̀ pé agbára bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára wọn. “Dákẹ́,” ni wọ́n wí sí mi létí. “Jẹ́ kó ríṣẹ́ ẹ̀.” Wọ́n fà mí lọ. A gba orí koríko olówó ńlá yẹn kọjá, ẹsẹ̀ wọn lásán, nítorí pé wọ́n gbàgbé bàtà wọn síbẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wá bá wa ní yàrá, ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí Ìyá má jẹ́ kó dun àwọn, pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, pé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn máa ń fojú kékeré wo ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá gbórín. Mo ní ṣé ọ̀gá tó gbé ìyá rẹ dìde nílẹ̀ ló ń fojú kékeré wo ènìyàn? Ó ní, “Àǹtí, kò lè yé yín.” Ìyá na ọwọ́ sínú ọ̀rá náà. Wọ́n mú ọ̀kan nínú ọsàn náà, wọ́n bó o, wọ́n là á sí méjì, wọ́n yọ kóró rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́ fún un nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n nà án sí i. Ó gbà á. Ó jẹ ẹ́, Bàbá. Ó mu omi rẹ̀ títí ó fi gbẹ, ó nu ẹnu, ó ní ó dùn. Mo wọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn tó mọ́ lọ, mo bì.

Ilẹ̀ mọ́, a padà sílé. Kí a tó dé Lálúpọn ni Ìyá ti gba ìlérí yẹn lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀. Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń bo ìwà ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí, ọ̀rọ̀ orí ni. Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ni wọ́n ń rohìn ìgbádùn fún. Àwọn ìyá tó ń wá ra ẹja lọ́wọ́ mi láti Olúpọ̀nnà máa ń yà wọ́n kí, Ìyá á sì sọ fún wọn bí koríko ibẹ̀ ṣe rọ̀ bí àrán, bí ọmọ àwọn kò ṣe jẹ́ kí eṣinṣin bà lé àwọn lára. Wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà nírú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí mo ń họ ìpẹ́ ẹja, tí mo ń ṣe àmín pẹ̀lú eyín dídì. Òórùn ẹja ò rí mi lára rí láti ọjọ́ tí mo ti ń tà á. Àmín yẹn ló ń rí mi lára.

Ṣé ẹ rí wa? Wọ́n ní òkú máa ń gbọ́ ìró bàtà àwọn tó sin ín bí wọ́n bá ń padà lọ sílé. Ṣé ẹ gbọ́ ti Ìyá tí wọn ò wọ bàtà? Bí ẹ bá wà láyé, ṣé ẹ ó nà án ni, àbí ẹ ó sunkún? Mi ò rí ẹkún yín rí, mi ò mọ bí ó ṣe ń rí. Ẹ ṣì jẹ́ bàbá rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ẹ lọ bá a lójú oorun, kí ẹ jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Kánádà, kí ẹ má sọ nǹkan kan, kí ẹ ṣáà máa wò ó.

Kò tíì ríṣẹ́ náà, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí. Ó ní òun ń padà bọ̀ nígbà tí ọdún bá yí po, pé ọ̀gá náà àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lo ọlidé níbi gọ́ọ̀fù mìíràn, kí n bá òun wá èyí tó dáa tí owó rẹ̀ ò ní ga, nítorí pé èyí tí mo rí lẹ́ẹ̀kan yẹn dára gan-an ni. Kò bèèrè Ìyá. Mo sọ fún un pé kí ó lọ bá ẹlòmíràn. Mo ní tó bá fẹ́ wálé, Ìwó nilé, yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀ tuntun. Mo pa fóònù náà mọ́ ọn létí, ó sì dùn mọ́ mi dé ọkàn.

Mi ò mọ̀ pé Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

“Pè é padà,” ni wọ́n wí. “Bá a wá a.”

Mo ní, ṣé kí wọ́n tún lọ kúnlẹ̀ ni? Wọ́n gbọn ẹ̀wà inú àtẹ náà, wọ́n fẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní, “Mi ò ní kírun níbi tí wọ́n gún ọ̀pá sí mọ́. Bí ọ̀gá yẹn bá wà níbẹ̀, n ó jẹ́ ìyá tó ń tọ́jú ilé. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹni tó ń tọ́jú ilé ṣáà ń rí i.”

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n simi. Àná, mo ti ọjà dé, mo bá àpótí aṣọ wọn ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú yàrá. Léèsì tí ẹ rà fún wọn nígbà tí Lúkúmọ́nù jáde ilé ìwé gíga wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ká a sápá kan pé kò ní ṣeé wọ̀ lọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń gbé ìró wọn sójú oòrùn fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ya àwọn tó ti ṣá jù sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn wò ó, èwo nínú wọn ló jọ ti ọmọ ọ̀dọ̀ jù.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ̀ ń pè ní ìyá yín, tí àárò yín ń sọ.